Orúnkún Tí Kò Ká

Mo ṣẹ ọmọ náà. Bí mo ṣe yí i sọ́tùn-ún, bí mo ṣe yí i sósì, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ́. Èmi Àṣàkẹ́, ọmọ Sàlámì, tí gbogbo àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà ń pè ní Àǹtí Tíṣà, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tẹ èjìká ìyàwó ilé wa mọ́lẹ̀ lójú ẹbí, mo tẹ̀ ẹ́ títí orúnkún rẹ̀ fi dún. Kò dún bí igi tó ṣẹ́. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ tútù ya... jẹ́jẹ́.

Ó pé oṣù kan lónìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rèé, àga náà rèé, ìpàdé ẹbí náà rèé. Bàbá Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, ń sọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá tó ń jẹ ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bushrah jókòó ní ọ̀kánkán mi. Ó na ẹsẹ̀ òsì lé orí àpótí, ó fi ìborùn bò ó. Ọ̀pá tó fi ń rìn fara ti ògiri. Kò wò mí. Láti oṣù kan, kò wò mí rí. Kò bú mi, kò rojọ́ mi fún ẹnikẹ́ni. Ì bá tilẹ̀ bú mi...

Ó rẹ̀ mí. Mo sùn dáadáa lánàá, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Àárẹ̀ yìí kì í ṣe ti oorun.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá ni àkọ́kọ́. Ìsọmọlórúkọ tó ń bọ̀ ní Òkè-Àdó ni ìkejì. Ìkẹta... ìkẹta ni tèmi. Ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní tèmi. "Ọ̀rọ̀ Àkíbù àti ìyàwó rẹ̀" ni wọ́n pè é. Àkíbù ni ọkọ Bushrah, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin. Yóò dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yóò bẹ̀bẹ̀. Èmi ni wọn yóò sì bẹ̀. Èmi! Nítorí pé Àkíbù jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lójú àwọn àgbà, ó sì gbá ọwọ́ mi dànù kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Àti nítorí pé àwọn méjèèjì fi àbùkù ẹsẹ̀ pamọ́ fún ẹbí kí wọ́n tó so yìgì.

Muslimat, ìyàwó àgbà nínú ilé wa, wá bá mi lánàá níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Muslimat fẹ́ràn àlàáfíà ju òtítọ́ lọ. "Àǹtí Tíṣà, ẹ kàn gbà kí wọ́n bẹ̀ yín. Ẹ ní ó ti tán, ó ti tán náà nìyẹn. Ṣebí ẹ ò mọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti sọ, ta ló máa fọwọ́ kàn án?"

Ṣebí n kò mọ̀ ni. Ohun tí gbogbo ilé ń sọ nìyẹn. N kò mọ̀. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi yọ̀ lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ lórí àdúrà. Mo sọ ọ́ níwájú dígí. N kò mọ̀, n kò mọ̀... Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ òtítọ́ fi nílò kí n máa tún un sọ?

Oṣù mẹ́jọ ni Bushrah ti wọlé wa nígbà náà. Oṣù mẹ́jọ, kò kúnlẹ̀ rí. Nílé yìí, ìyàwó a máa kúnlẹ̀ kí ọmọ-ilé, ìbáà ṣe ọmọ-ilé tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Èyí yóò fi ọwọ́ kan ti ògiri, yóò tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀ tó sì yí ọkàn padà. "Ẹ káàárọ̀ mà." Ó tán. Àwọn obìnrin ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀, yunifásítì ló ti kúnlẹ̀ tán."

"Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ń bọ̀. A ó wò ó bóyá ìdúró náà ni yóò fi ṣe ìyẹn."

Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a wò mí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wò mí... Àǹtí Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọmọ ọlọ́mọ ṣe, ẹ wo ti ilé yín. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ojú wọn ló ń sọ ọ́. Èmi náà sì mọ iyì ojú tí wọ́n fi ń wò mí. Ọdún mélòó ni mo fi wá a? Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú, ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Bẹẹrẹ, láàárín àwọn tó ń pè mí ní ìyá. Iyì tí a fi àgbà kó jọ a máa wúwo lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀rù a máa bani kó má jábọ́...

Àwáwí nìyẹn. Bí ọmọ ilé ìwé mi bá sọ ọ́ fún mi, n ó ní kó jókòó.

Ọjọ́ náà, ó wọlé, ó tẹ̀ díẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Mo ní, "Ìyàwó, padà sẹ́nu ọ̀nà. Tún wọlé. Kí wa bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn."

Ó padà. Kò janpata. Ó tún wọlé, ó fi ọwọ́ ti ògiri.

"Ẹ má bínú mà, orúnkún mi—"

"Orúnkún rẹ kí ló ṣe? Orúnkún tó ń gun òkè Mápó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi. Kí n má purọ́ fún ara mi, ó dùn mọ́ mi. Mo dìde lórí ẹ̀rín yẹn. Mo lọ bá a, mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ méjèèjì...

Ó fẹ́ sọ fún mi. "Orúnkún mi" ló sọ, ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù kó sọ.

Àti òkè Mápó yẹn náà. Ṣé n kò rí bó ṣe ń gùn ún? Èmi náà ni mo máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láràárọ̀ lọ sí ilé ìwé. Yóò gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, yóò wọ́ ti òsì tẹ̀ lé e láìká a, yóò gba ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Mo rí i. Mo ní ìgbéraga ló ń bá rìn. Ojú mi rí ẹsẹ̀, ọkàn mi ka ìwà.

Bàbá Mọ́gàjí ṣì wà lórí ọ̀gbàrá. Wọ́n fẹ́ da òkúta síbẹ̀. Ẹnì kan ní òkúta kò lè dá omi dúró. Ẹ jiyàn sí i, ẹ fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹ jọ̀ọ́...

Irin wà nínú orúnkún ọmọ náà. Ohun tí Àkíbù fi ké nìyẹn. "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀! Irin ń bẹ níbẹ̀! Irin ń bẹ nínú ẹsẹ̀ ẹ̀!" Ìgbà náà la tó gbọ́ pé ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Oríta-mẹ́rin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, pé wọ́n fi irin de eegun rẹ̀, pé orúnkún jinná ṣùgbọ́n kò ká ju ìdajì lọ mọ́. Wọ́n fi pamọ́ fún wa. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ, a ó ní ọmọ wa fẹ́ aláàbọ̀ ara, a ó ní báwo ni yóò ṣe gbé oyún. Ṣé a kò ní sọ bẹ́ẹ̀? A ó sọ ọ́. Èmi gan-an ni n bá kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Mo kórìíra irọ́. Wọ́n purọ́ fún ẹbí, ìyẹn kò tọ́, n kò ní sọ pé ó tọ́ nítorí pé èmi náà jẹ̀bi. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ọ̀tọ̀ ni tèmi. Ẹbí ló fẹ́ kó méjèèjì sínú àpò kan, kí wọ́n di ẹnu rẹ̀, kí wọ́n gbé e lé ọmọ náà lórí.

Dókítà ní iṣan kan ya. Ọ̀kan nínú àwọn iṣan líle tó so eegun mọ́ eegun. Ìdajì tó ń ká tẹ́lẹ̀ gan-an, kò dá a lójú pé yóò padà. Mo mọ iṣan náà. Mo mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti yà á sára pátákó nígbà àìmọye.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá nìyẹn. Oríkèé. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọ́ wọn ní oríkèé, n kò wo ìwé mọ́. Ibi tí eegun àti eegun bá ti pàdé ni oríkèé. Àwọn kan kò yí rárá, bí eegun agbárí tó rán mọ́ ara wọn bí ojú aṣọ. Àwọn kan ń mì díẹ̀, bíi ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ti èjìká àti ti ìbàdí ń yí ká gbogbo ọ̀nà, nítorí orí eegun róbótó ló jókòó sínú kòtò, bí ọmọ odó nínú odó. Ọrùn ń yí sí ọ̀tún, ó ń yí sí òsì. Ìgúnpá àti orúnkún, ilẹ̀kùn lórí hinji ni wọ́n. Síwá, sẹ́yìn, ó tán. Lẹ́nu ibi tí eegun ti ń kanra, eegun rírọ̀ kan wà tó ń dán, irú èyí tí ọmọdé ń họ jẹ lórí eegun adìẹ. Awọ tín-ínrín ló yí gbogbo rẹ̀ ká, ó ń sun omi tó ń yọ̀ bí funfun ẹyin, kí eegun má baà lọ ara wọn. Ọlọ́run ṣe é dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, lágbàlagbà mi, mo sunkún ní kíláàsì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo di ilẹ̀kùn kíláàsì mú, bí mo ti máa ń ṣe. Mo ṣí i, mo tì í. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ibi tí wọ́n ṣe é dé ló ń ṣí dé."

Purity nawọ́. Ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. "Mà, téèyàn bá wá fi agbára tì í kọjá ibẹ̀ ńkọ́?"

N kò tíì dáhùn. Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn: "Tiwa nílé já, mà. Àǹtí mi ló tì í. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ló láfojúdi."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán ojú ìwé náà. Mo jókòó.

Tèmi náà ń dùn mí. Orúnkún mi méjèèjì, láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá dìde, wọn a ha bí ọwọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nínú mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, orí àga ni mo ti ń kírun báyìí. Àwọn obìnrin yòókù á kúnlẹ̀, á forí kanlẹ̀, èmi á jókòó bí ẹni tó wá wòran. Kò sí ẹni tó bi mí. Kò sí ẹni tó ní kí n padà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè dúró, kó jókòó kí i. Ẹni tí kò bá lè jókòó, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọlọ́run gba ìjókòó lọ́wọ́ mi, láràárọ̀, lálaalẹ́, kò sì bínú. Èmi kò gba ìdúró lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn.

Háà, Àṣàkẹ́.

Ní ọjọ́bọ̀, mo ra ọsàn, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bushrah. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ láàárín àwa méjì. Mo gbọ́ rédíò nínú ilé. Àkíbù jáde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Ó ń sùn, mà." Kò sùn. Mo gbé ọsàn náà fún un, mo yí padà. Ara sì tù mí! Ara tù mí pé kò gbà mí láyè. Mo ní mo ti gbìyànjú. Àṣàkẹ́, níkọ̀kọ̀ lo fẹ́ tún ohun tí o bà jẹ́ ní gbangba ṣe, ọsàn mẹ́wàá lo sì gbé dání.

Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ọ̀gbàrá. Wọ́n ti dé Òkè-Àdó. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gbé omi lọ, ẹni tí yóò gbé oyin lọ. Kò ní pẹ́ mọ́.

Kí ni n ó sọ? N ó ní... n ó ní, "Àkíbù, ó ti tán. Ìyàwó, Ọlọ́run á wo ẹsẹ̀ náà sàn. N kò mọ̀, ẹ̀yin náà kò sọ." Ó dára. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. N kò mọ̀ pé irin wà níbẹ̀. N kò mọ̀ nípa ọ̀kadà. N kò...

Kí ló dé tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń yún mi?

Alápatà ni bàbá mi. Ní Ọjà'ba ló pa ẹran títí ó fi kú. Mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́. Mo ń fi ipá gé ẹsẹ̀ ewúrẹ́, mo ń làágùn. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú láti ẹ̀yìn. "Má bá a jà, Àṣàkẹ́. Ibi tó bá ń bá ọ jà, eegun nìyẹn. Gbé ẹsẹ̀ náà. Mì ín. Oríkèé á fi ara rẹ̀ hàn ọ́." Mo mì ín. Ọ̀bẹ wọlé bí ẹni wọ inú ọ̀rá. Láti ìgbà náà, n kò nílò ojú. Mo lè di ojú, kí n di ẹsẹ̀ ẹran mú, kí n sọ ibi tó ń ká dé, kí n sọ èyí tó dá nígbà ayé rẹ̀ tó sì jinná ní wíwọ́. Kí n tó mọ A, kí n tó mọ B, ọwọ́ mi ti mọ oríkèé.

Mo sì gbé ọwọ́ yìí lé èjìká ọmọ náà.

Ó wọlẹ̀ díẹ̀. Ó wọlẹ̀ títí dé ìdajì, ó rọ̀, kò bá mi jà rárá. Ẹni tó ń ṣe agídí a máa le láti òkè, láti èjìká, láti ọrùn. Gbogbo ara rẹ̀ á kọ̀. Èjìká ọmọ yìí rọ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀! Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nǹkan kan dúró. Gbọin. Kì í ṣe ọkàn ló dúró. Eegun ló dúró. Ó gba inú itan rẹ̀ wá, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ó dé èjìká, ó dé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì wí fún mi pé ibí ni mo mọ.

Mo gbọ́ ọ.

Mo gbọ́ ọ. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tó méjì. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí rẹ̀. N bá ti gbé ọwọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dákẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ojú wà lára mi, wọ́n ń wò ó bóyá Àǹtí Tíṣà á yọrí. Bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ìyàwó ti borí. Mo sì fi gbogbo ara mi tẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀.

Gbogbo oṣù yìí, mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí ká inú ilé. Òun náà rèé. Kò tóbi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni.

"Ọ̀rọ̀ Àkíbù ló kù," Bàbá Mọ́gàjí ń wí. "Àkíbù, ẹ jáde síbí, ìwọ àti ìyàwó rẹ. Ẹ mọ ohun tí ẹ óò ṣe."

Àkíbù ti dìde. Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Bushrah ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ó ń na ọwọ́ sí ọ̀pá. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò gbé orúnkún ọ̀tún lé, bí yóò ṣe ṣe ti òsì. Yóò gbìyànjú. Mo mọ̀ pé yóò gbìyànjú.

Ṣé kí n ṣáájú rẹ̀ kúnlẹ̀ ni? Kí n wólẹ̀ síbí? Wọn á pariwo. "Háà! Àǹtí Tíṣà kúnlẹ̀ fún ìyàwó!" Wọn á sáré gbé mi, gbogbo ojú á yí sí ọmọ náà, wọn á ní ó jẹ́ kí àgbà kúnlẹ̀ fún òun, wọn á ní kó sáré tọrọ àforíjì kó má baà gba èpè. Ẹ̀bẹ̀ mi á di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Rárá. N kò ní fi orúnkún mi ṣe ojú ayé. Ẹnu ni n ó fi sọ ọ́, ní ìdúró, kí gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Mo di apá àga mú. Mo dìde.

"Bàbá Mọ́gàjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró. Àkíbù, dìde. Bushrah, jókòó, dá ẹsẹ̀ yẹn padà sórí àpótí. Kì í ṣe àwọn méjèèjì yìí ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀ lónìí, èmi ni. Gbogbo yín lẹ̀ ń gbà mí sílẹ̀ pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mi ò mọ̀ nípa irin, mi ò mọ̀ nípa ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ̀ pé orúnkún yẹn ò lè ká jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ fún mi, mo mọ̀ ọ́n lára. Mo sì tún tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹ̀ ń wò mí. Bushrah, mo ṣẹ̀ ọ́. O fẹ́ sọ fún mi, mo fi ẹ̀rín pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Má dá mi lóhùn lónìí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní dandan ni kí o dá mi lóhùn. Ìgbà tó bá wù ọ́, tó bá wù ọ́ rárá, kí o dárí jì mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, níwájú gbogbo ilé."